Fífa tírélà nínú géèmù kó jọ ti gidi: àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi mí léraléra

Láàrin àwa tí a ń wa tírélà nínú géèmù ní Ìkòròdú níbí, ìbéèrè kan náà ló ń padà wá: ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, lórí WhatsApp, nígbà míì lójú títì pàápàá. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dórí èyí tó le. Ẹni tó bá ti mọ ti ìbẹ̀rẹ̀ lè fò ó.

Géèmù wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ó kù sọ́wọ́ ohun tí ẹ ń wá. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni, kí ẹ gbé ẹrù láti ìlú kan dé òmíràn, kí ẹ wọ ọgbà ilé iṣẹ́, kí ẹ fi rìfáàsì gbé tírélà síbi tí wọ́n ní kí ẹ gbé e sí, Euro Truck Simulator 2 ni. SCS Software ti ìlú Prague ló ṣe é, ọdún 2012 ló jáde. American Truck Simulator, àbúrò rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 2016. Kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀ náà lè gbé méjèèjì.

Bó bá jẹ́ bí irin ṣe ń tẹ̀, bí táyà ṣe ń yọ̀ àti bí ìkọ́ ṣe ń já lẹ fẹ́ rí, BeamNG.drive ni. Àwọn ará Bremen ní Jámánì ló ṣe é, ó sì ti wà lórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti 2015. Nínú rẹ̀, ọkọ̀ kì í ṣe gbagidi kan ṣoṣo. Àìmọye kókó kéékèèké ni, kókó kọ̀ọ̀kan ní ìwúwo tirẹ̀, àwọn ọ̀pá tó lè nà, tó lè sún kì, ló so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ tírélà, bó pẹ́ bó yá, ibẹ̀ ni yóò já sí.

Ṣé dandan ni kí n ra sítíárìn?

Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kíbọ́ọ̀dù dá tírélà lẹ́jọ́. Bọ́tìnnì ò mọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ni tírélà ń fẹ́. Páàdì sàn jù ú lọ dáadáa. Bí owó bá wà, ẹ ra sítíárìn tòkúnbọ̀ tó ń yí dé ìwọ̀n 900, ìyẹn ni ìyípo méjì àbọ̀, kí ẹ sì rí i pé inú sẹ́tíńsì náà gbà pé 900 ni. Mo ti rí ẹni tó ra ọ̀kan, tó fi í sílẹ̀ lórí 270, tó wá ń bínú pé tírélà òun ń ta bí ẹṣin.

Láptọ́ọ̀pù mi ń há bí mo bá ti so tírélà nínú BeamNG. Kí ló dé?

Ọkọ̀ méjì ló ń ṣírò nígbà yẹn. Géèmù náà ń ṣírò bí gbogbo kókó ara ọkọ̀ ṣe ń rìn ní ìgbà 2,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, lójú rẹ̀, tírélà sì jẹ́ ọkọ̀ kan gbáko. Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú títì kúrò kí ẹ tó dín ẹwà àwòrán kù, torí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ yìí ń wọ̀ lọ́rùn. Bí NEPA bá sì mú iná lọ tí ẹ wà lórí bátìrì, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù máa ń dín agbára ara wọn kù. Ẹ má dán ohunkóhun wò nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe ń so tírélà mọ́ ọkọ̀?

Nínú BeamNG, bọ́tìnnì L ló ń so ó, òun náà ló ń tú u. Nínú Euro Truck, T ni. Ẹ fi ẹ̀yìn wọlé ní gbọọrọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, títí kíńpíìnì, irin ṣóńṣó tó wà lábẹ́ imú tírélà, yóò fi wọ inú tọ́ntébù, àwo irin tí wọ́n fi gíríìsì kùn lẹ́yìn orí ọkọ̀. Kíńpíìnì tó wọ́pọ̀ jù kò nípọn ju ínǹṣì méjì lọ. Gbogbo tọ́ọ̀nù tó wà lẹ́yìn, ara irin kékeré yẹn ni wọ́n rọ̀ mọ́.

Kí ni kí n kọ́kọ́ yí padà nínú sẹ́tíńsì Euro Truck?

Èyí tí wọ́n pè ní trailer stability. Bó ṣe wà nígbà tí ẹ ra géèmù náà, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń bá yín di tírélà mú kó má ṣubú. Ẹ fà á wálẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ dín in kù díẹ̀, ẹ fi gbé ẹrù kan délé, kí ẹ tó tún dín in kù. Ẹ ṣe truck stability bákan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ dín agbára bíréèkì kù, torí ọkọ̀ tó ru ẹrù kì í dúró bí ọkọ̀ ilé.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ràn jù: ẹ tan bíréèkì afẹ́fẹ́. Nínú ọkọ̀ gidi, ẹ̀rọ máa ń fún afẹ́fẹ́ sínú táǹkì títí yóò fi tó nǹkan bí 125 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), yóò dúró, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 100. Bó bá dé 60, aago ìkìlọ̀ á máa ké. Bó bá tún sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sípíríǹgì inú bíréèkì á fúnra rẹ̀ di táyà mú. Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì tẹ́tẹ́tẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò rí i bí abẹ́rẹ́ tó ń ka afẹ́fẹ́ náà ṣe ń wálẹ̀, yóò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi jíà kékeré àti ẹ́ńjìnnì dá ọkọ̀ dúró láìsí pé ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún un.

Kí ló dé tí tírélà kékeré mi ń fì sọ́tùn-ún fì sósì bí mo bá ti sáré?

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹrù wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn ló pọ̀ sí jù. Tírélà tí ọkọ̀ kékeré ń fà lórí bọ́ọ̀lù ìkọ́, ó yẹ kí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ máa tẹ orí bọ́ọ̀lù yẹn. Bí tírélà bá wọn kìlógíráàmù 1,000, kí 100 sí 150 wà lórí ìkọ́. Bí ẹ bá kó gbogbo ẹrù sí ẹ̀yìn táyà, imú tírélà á fẹ́ máa gbé ìdí ọkọ̀ sókè, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́, ìrù á sì máa fì bí òkúta tí a so mọ́ okùn.

Ẹ dán an wò báyìí nínú BeamNG. Ẹ kó ẹrù síwájú táyà, ẹ sáré dé kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ẹ yí sítíárìn díẹ̀ kí ẹ sì dá a padà kíá. Ẹ ka iye ìgbà tí ìrù fì kó tó dákẹ́. Ẹ tún un ṣe ní 80, ẹ tún un ṣe ní 100. Ẹ wá sún ẹrù sẹ́yìn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 60 padà. Ẹ máa dé orí eré kan tí fífì náà kò ní máa kú mọ́, tó jẹ́ pé ṣe ni yóò máa pọ̀ sí i. Eré yẹn ni òpin tírélà yẹn. Ẹrù ẹ̀yìn máa ń mú un wálẹ̀. Ọ̀pá ìfà tó gùn, láti ìkọ́ dé táyà, máa ń gbé e sókè. Bí géèmù tàbí mod (àfikún tí àwọn tó ń ta géèmù ṣe fúnra wọn) tí ẹ ń lò kò bá fi irú òpin bẹ́ẹ̀ hàn bó ti wù kí ẹ sáré tó, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti fi nǹkan di tírélà yẹn mú.

Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì, ẹ má fi sítíárìn lé e. Ọwọ́ yín á máa pẹ́ dé, ẹ ó sì máa tì í síbi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ di sítíárìn mú gbọọrọ, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Bí bíréèkì tírélà bá dá wà, òun nìkan ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ lọ wo tírélà tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi ní Ẹbúté: táyà rẹ̀ sún sẹ́yìn gan-an, nítorí ìdí ọkọ̀ ojú omi ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tó ṣe é ti ro ohun tí mò ń sọ yìí kí ẹ tó bi mí.

Tírélà òfìfo àti èyí tó kún ń rìn bákan náà lọ́wọ́ mi. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Rárá o. Ẹni tó ṣe mod yẹn yí nọ́ńbà ìwúwo padà, ó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Ẹ dúró létí ọ̀nà Ṣàgámù kí ẹ gbọ́ tírélà òfìfo: gbàgà-gbàgà, gbàgà-gbàgà. Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún 30 tọ́ọ̀nù kò mọ̀ pé ohunkóhun wà lórí òun, táyà ń fò, bí wọ́n bá sì tẹ bíréèkì líle, kíá ni táyà á kú dúró tí yóò máa wọ́ nílẹ̀. Èyí tó kún kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbéra, ó máa ń pẹ́ kó tó dúró, bí orí bá sì yà, ẹ̀yìn á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni ń rò ó kó tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, bí ẹ bá fi kún ìwúwo, ẹ gbé ìwúwo náà sí gíga tí ẹrù yẹn máa ń wà gan-an. Bàgì ìrẹsì tí wọ́n tò dé òkè àti irin tó tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lè wọn ìwọ̀n kan náà, ìwà wọn kò lè bára mu láé.

Bí mo bá yà, ẹ̀yìn tírélà máa ń gun orí gọ́tà. Ṣé géèmù ló bàjẹ́?

Òtítọ́ ló ń sọ fún yín. Táyà ẹ̀yìn tírélà kì í gba ibi tí orí ọkọ̀ gbà, inú ló máa ń gé gbà. Ìṣirò rẹ̀ rèé, fún ìyípo tí ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀ dáadáa: ẹ mú ìwọ̀n láti àárín ìyípo dé ibi tí kíńpíìnì ń gbà, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ fi gígùn láti kíńpíìnì dé táyà ẹ̀yìn náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wá gbòǹgbò (square root) èyí tó kù. Bí kíńpíìnì bá ń yípo ní mítà 15, tí gígùn yẹn sì jẹ́ mítà 8, táyà ẹ̀yìn á máa gba 12.7. Mítà méjì lé díẹ̀ ló fi gé wọ inú. Ẹ dín ìyípo náà kù sí mítà 12, táyà ẹ̀yìn á bọ́ sí nǹkan bíi 8.9. Ó ti di mítà mẹ́ta.

Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ tó ń wọ géètì ilé iṣẹ́ ní Odógunyàn kì í yà bí ọkọ̀ ilé. Wọn á kọ́kọ́ na imú kọjá géètì náà, á dà bíi pé wọn ò wọlé mọ́, mọ́tọ̀ bọ́ì á ti bọ́ sílẹ̀, yóò máa fọwọ́ gbá ara bọ́dì, "Máa bọ̀, máa bọ̀, ó ṣì kù!" Ìgbà tí táyà ẹ̀yìn bá fẹ́ bá igun gọ́tà dọ́gba ni wọ́n tó yí sítíárìn tán. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú géèmù. Ẹ tẹjú mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbàgbé iwájú fún ìgbà díẹ̀.

Rìfáàsì ń dójú tì mí. Kí ni àṣírí rẹ̀?

Ọwọ́ yín ń pọ̀ jù, ẹsẹ̀ yín ń yá jù. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìrù lọ sósì, ẹ yí sítíárìn sọ́tùn-ún díẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ẹ dá a padà kí ẹ sì máa tẹ̀ lé e. Tírélà kúkúrú ló nira jù, kì í ṣe èyí tó gùn, torí ó máa ń yára gba ọ̀rọ̀. Bó bá ti dàrú, ẹ lọ síwájú kó nà, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń mú kí orí àti ẹ̀yìn ká pọ̀ bí ìgbọ̀nwọ́?

Táyà tó kọ́kọ́ yọ̀ ló ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ táyà ẹ̀yìn orí ọkọ̀ ló kú dúró tó ń yọ̀, tírélà á máa ti orí náà láti ẹ̀yìn, orí á sì yí padà bá ara tírélà. Bó bá jẹ́ táyà tírélà ló yọ̀, ìrù ni yóò jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn, orí á ṣì máa lọ gbọọrọ. Ti àkọ́kọ́ burú jù, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló máa ń gbà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ yín kò fura sí: retarder, ẹ̀rọ tó ń dín eré ọkọ̀ kù láìtẹ bíréèkì. Táyà orí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí nìkan ló ń mú. Nínú òjò, tí tírélà bá ṣófo, ẹni tó fà á dé òpin ti fọwọ́ ara rẹ̀ dá àwọn táyà yẹn dúró. Ẹ dán an wò nínú géèmù tí ojú ọ̀nà rẹ̀ ń yọ̀ lóòótọ́. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ rárá, táyà yẹn ti ń di ilẹ̀ mú ju bó ṣe yẹ lọ.

Eré kékeré ni mo wà tí tírélà mi fi dojú dé ní ráńdábáọ̀tù. Ṣé kì í ṣe àsọdùn?

Kì í ṣe àsọdùn rárá. Tírélà gíga tó kún, bí agbára tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ti tó nǹkan bí ìdá 35 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀, ó ti ń lọ nìyẹn. Ọkọ̀ ilé kì í tètè rí bẹ́ẹ̀, táyà rẹ̀ á ti yọ̀ kó tó ronú àtidojú dé. Bí ìyípo náà bá jẹ́ mítà 30 láti àárín, ẹ ṣírò rẹ̀, kìlómítà 36 sí 39 ní wákàtí kan ló fi máa dé òpin yẹn. Bẹ́ẹ̀ ó lè máà ṣe awakọ̀ bí eré. Orí ọkọ̀ ṣì lè wà ní ìdúró nígbà tí táyà inú lẹ́yìn ti fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Kọ̀ntéńà inú géèmù kì í já bọ́ láé. Báwo ni mo ṣe lè mú un jọ tiwa?

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Kọ̀ntéńà ẹlẹ́sẹ̀-bàtà 40 gùn ní mítà 12.19, ó sì lè wọn tó kìlógíráàmù 30,480 pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ní ihò tí àgádágodo ara bọ́dì ń wọ̀, tí wọ́n ń yí kó lè mú un. Tí wọn ò bá yí i, ìwúwo nìkan ló mú kọ̀ntéńà dúró síbẹ̀. Ní oṣù kìíní 2023, kọ̀ntéńà kan já lu bọ́ọ̀sì èrò ní Òjúẹ̀lẹ́gbà, ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú. Gbogbo wa tí a ń gbé Èkó la mọ bó ṣe ń rí láti wakọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ntéńà tí a ò mọ̀ bóyá wọ́n dè é.

Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, kọ̀ntéńà àti bọ́dì jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń ṣe tiyín nínú BeamNG, ẹ jẹ́ kí kọ̀ntéńà dá dúró, kí ẹ fi ìkọ́ mẹ́rin tó lè já so ó mọ́ bọ́dì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wá tú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ sì gba kọ́nà kan ní eré tí ẹ máa ń sá. Ẹ̀yin náà á rí i.

Táńkà ńkọ́?

Táńkà tó kún dé ẹnu àti èyí tó gbẹ dára ju èyí tó wà lágbedeméjì lọ. Ohun olómi inú rẹ̀ máa ń sún síbi tí ọkọ̀ tẹ̀ sí, ó máa ń dé lẹ́yìn tí awakọ̀ ti rò pé òun ti yà tán. Bí géèmù kò bá ṣírò omi, ẹ lè fi ọgbọ́n ṣe é: ẹ fi àwọn kókó wíwúwo sínú táńkà náà, kí ẹ fi ọ̀pá tó rọ̀ so wọ́n mọ́ ara rẹ̀, kí wọ́n lè máa fì díẹ̀. Ẹ máa fi kún dídẹ́kun fífì náà títí yóò fi rọra kú. Irin tí wọ́n fi pín inú táńkà máa ń dín ìsún síwá-sẹ́yìn kù, kì í sábà dí ti ẹ̀gbẹ́.

Mò ń ṣe mod tèmi nínú jbeam, fáìlì tí BeamNG fi ń to kókó àti ọ̀pá ọkọ̀. Kí ló dé tó fi ń gbọ̀n tó sì ń fọ́n ká?

Kókó yín fúyẹ́, ọ̀pá yín sì le jù. Ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan pọ̀, síbẹ̀ ó ní òpin. Ìṣirò rẹ̀ ni pé kókó tó wọn kìlógíráàmù kan kò lè gba àpapọ̀ líle ọ̀pá tó kọjá mílíọ̀nù 16 níútọ̀n fún mítà kan, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹ má sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Àpapọ̀ ni mo sọ, torí ọ̀pá mẹ́wàá lè wà lára kókó kan. Ẹ fi kún nodeWeight (ìwúwo kókó) tàbí kí ẹ dín beamSpring (líle ọ̀pá) kù. Ibi ìkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù ń kọjá.

Mo ti so ìkọ́ pọ̀, àmọ́ bí tírélà bá ṣubú, orí ọkọ̀ kì í mì rárá. Kí ló kù?

Kókó kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ fi so ó: ọ̀kan ní tag, èkejì ní couplerTag, orúkọ wọn bára mu, ó parí. Ìyẹn tọ́ fún bọ́ọ̀lù ìkọ́, torí bọ́ọ̀lù ń jẹ́ kí tírélà yí, kó tẹrí ba, kó sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe fẹ́. Tọ́ntébù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń yí, ó ń tẹrí ba síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í gba kí tírélà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán, orí àwo fífẹ̀ ni imú tírélà jókòó lé. Ìdí nìyẹn tí tírélà tó ṣubú fi ń gbé orí ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ ṣe àwo náà pẹ̀lú kókó púpọ̀ tó fẹ̀, kí abẹ́ imú tírélà máa fara kàn án lọ́tùn-ún àti lósì, kí kíńpíìnì máa ṣe iṣẹ́ fífà nìkan.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tí mo ṣe ti jọ ti gidi?

Ẹ wọn ọ́n. Ẹ yípo ní mítà 15 kí ẹ wò ó bóyá táyà ẹ̀yìn ń gba ibi tí ìṣirò sọ. Ẹ máa fi eré kún eré nínú ìyípo mítà 30 títí yóò fi dojú dé, kí ẹ kọ eré náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó síbi tí kò léwu lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ fi fóònù ya tírélà tó ń wọ kòtò.

Mo wo tírélà sìmẹ́ǹtì kan lójú ọ̀nà Ṣàgámù, mo tún fídíò náà wò títí. Orí wọ kòtò, ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan, ó gbérí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn tó wọ̀ ọ́, ó tẹrí ba ní ìgbà méjì, ó dákẹ́, eruku sìmẹ́ǹtì sì ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ tapólì. Tèmi tí mo ṣe nínú géèmù tẹrí ba ní ìgbà méje. Mo fi kún beamDamp (ohun tó ń dẹ́kun fífì ọ̀pá), ó di márùn-ún. Mo tún fi kún un, ó di mẹ́ta. Oru ọjọ́ kejì ló tó di méjì.